Ọjà Tí A Bò Nítorí Òkú

Ní ọ̀dọ̀ Àlímọ̀t ọlọ́ṣẹ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, bí òkú bá ń kọjá lọ sí ìtẹ́ òkú Àbàrí, ọjà kì í wòran rẹ̀. Kí àwọn ọmọ rẹ̀ tó mọ ABD ló ti kọ́ wọn. Bí wọ́n bá ti gbọ́ "Lá iláhà ílláláhù" tó ń bọ̀ láti ìkóríta, kí wọ́n fa aṣọ bo àtẹ, kí wọ́n dìde dúró, kí wọ́n má sì ṣí i títí àwọn tó ru òkú yóò fi kọjá tán. Ìyá Àlímọ̀t ló kọ́ òun náà. Wọ́n ní ọjà tí òkú bá ti rí, òkú ti ná an tán, alààyè kan kì í rà á mọ́. Bóyá òótọ́ ni, bóyá irọ́ ni, kò sẹ́ni tó jẹ́ fi ọjà tirẹ̀ dán an wò.

Ọmọ méjì ni Àlímọ̀t bí. Fàrídà ni àgbà, Muqtadir ló tẹ̀lé e. Fàrídà kàwé, ó sì ríṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ ìpolówó ọjà kékeré kan tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lẹ́yìn ìta Tinúbú. Muqtadir kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù. Ó ṣe é, ṣe é, kò rọ́wọ́ mú. Lọ́jọ́ kan ó ní òun ń lọ ra ọjà ní Kútọnu. Kútọnu di Dàkáà, Dàkáà di Moritáníà. Ìgbà tí wọ́n gbóhùn rẹ̀ kẹ́yìn, etí òkun ló wà níbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín nínú fóònù.

"Màámi, ẹ ṣáà máa ṣàdúà fún mi. Tí ẹ bá tún gbóhùn mi, Sípéènì ni mo ti ń pè yín."

Láti ọjọ́ náà, kẹ́kẹ́ pa. Òjò dé, òjò lọ, ọ̀gbẹlẹ̀ tún fẹ́ẹ̀ dé. Àlímọ̀t kò sunkún lójú ẹnikẹ́ni. Ohun tó ṣe ni pé ó gbé fóònù rẹ̀ sínú abọ́ irin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ, kí ìró rẹ̀ lè borí ariwo àdúgbò. Bó bá ti dún, nọ́ńbà yòówù tí ì báà jẹ́, kódà kó jẹ́ àwọn tó ń fi fóònù polówó, á sáré gbé e: "Muqtadir?" Àwọn ará àdúgbò á yíjú sí ibòmíràn. Ìrètí obìnrin náà ń ba ni lọ́kàn jẹ́ ju ẹkún lọ.

Ọṣẹ dúdú ló fún ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ tó ń lọ. Ọṣẹ Àlímọ̀t kì í dàpọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn, nítorí ọ̀nà tó ń gbà dì í. Ọ̀rá ló fi ń wé e lẹ́ẹ̀mejì, á fi òwú aláwọ̀ ewé so ó lọ́rùn, á ta kókó méjì, á wá fi etí kan sílẹ̀ lókè tí oníbàárà lè fi ìka kọ́. Kò sí ọlọ́ṣẹ mìíràn tó ní sùúrù irú ìyẹn. Ó fi í sápò ọmọ rẹ̀, ó ní, "Tí o bá dé ọ̀hún, kí o tó wọ àárín èèyàn, kọ́kọ́ wẹ̀. Ẹni tó bá mọ́ ni wọ́n ń fún níṣẹ́."

Ohun kan ṣoṣo ni ilé náà ń wá báyìí, ìròyìn ni. Bí Muqtadir bá wà láàyè, kí wọ́n dúpẹ́. Bí kò bá sí mọ́, kí wọ́n kírun sí i. Àáfà Jíbrílù, àbúrò bàbá wọn, ti là á mọ́lẹ̀ fún wọn pé a kì í kírun òkú sí ẹni tí a kò mọ̀ bóyá ó kú. Nítorí náà, ọmọ náà kò sí láàárín alààyè, kò sí láàárín òkú, ìyá rẹ̀ sì jókòó ti abọ́ irin.

Ọdún yẹn ni Sípáníìṣì wọ ilé iṣẹ́ Fàrídà. Christian, ọ̀gá wọn, ọmọ Àgùdà, ló gbé e dé.

"Market Gẹ̀ẹ́sì ti full," ó wí fún wọn. "Gbogbo ayé ló ń gbé ad síbẹ̀. Àwọn búlọ́ọ̀gù Sípáníìṣì ni ká máa lọ. Èèyàn wọn pọ̀, ìpolówó ò sì tíì kún ibẹ̀. Ẹ wo Sípéènì, ẹ wo Málábò níbí, títí dé Mẹ́síkò."

Wọ́n bi í bóyá ó gbọ́ èdè náà, ṣebí Bùràsíìlì ni àwọn baba ńlá rẹ̀ ti dé. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Pòtògí nìyẹn, kì í ṣe Sípáníìṣì. Èmi gan-an, fùréjọ̀n, ẹ̀wà tí à ń jẹ, nìkan ni mo gbọ́ nínú ẹ̀, ọjọ́ Good Friday náà sì ni."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, láìsí ẹnìkan tó gbọ́ èdè náà láàárín wọn. Fóònù ló ń túmọ̀ fún wọn. Fàrídà ni Christian fi ṣe olórí iṣẹ́ tuntun ọ̀hún, inú ọmọbìnrin náà sì dùn, nítorí ó ti ń wá ohun tí yóò gba ọkàn òun kúrò ní ti ilé.

Iṣẹ́ ọ̀hún kò le. Ilé iṣẹ́ ńlá kan wà lókè òkun tó dúró bí alárinà láàárín àwọn oníbúlọ́ọ̀gù àti àwọn onípolówó. Búlọ́ọ̀gù kọ̀ọ̀kan ní fíìdì tirẹ̀, tó ń ṣàn bí omi ẹ̀rọ: ohun tuntun yòówù tí wọ́n bá kọ síbẹ̀, fíìdì á gbé e wá sójú kọ̀ǹpútà Fàrídà, àkọlé rẹ̀ àti ìlà díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, ó tán. Kò sẹ́ni tó ń ka ìyókù. Kọ̀ǹpútà á wo irú ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti oúnjẹ tàbí ti àwọn ọmọ Áfíríkà tó wà nílẹ̀ òkèèrè, á gbé ọjà síbẹ̀. Oníbúlọ́ọ̀gù á rí díẹ̀ gbà, alárinà á rí púpọ̀ gbà, bí ayé ṣe rí nìyẹn.

Oníbàárà wọn tó kọ́kọ́ bọ́ sí i ni Alhaja Àmúdàtù, alágbàtà ńlá ní Òkè Àrin. Ó ní gàrí, èlùbọ́ àti ata gígún tó ń dì sínú ọ̀rá aláwọ̀ òféèfèé, ó sọ ọ́ ní Adùn Ilé, ó sì ń kó o ránṣẹ́ sí àwọn ṣọ́ọ̀bù aláwọ̀ dúdú ní Sípéènì. Ìpolówó náà yá. Wọ́n ń bèèrè gàrí Alhaja ní ìlú tí òun fúnra rẹ̀ kò lè pe orúkọ rẹ̀. Ó ń gbàdúà fún Fàrídà níwájú gbogbo èèyàn.

Àfi bí ó ṣe gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wá ní àárọ̀ ọjọ́ kan, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tó na fóònù sókè bí ẹni di ejò mú nírù.

"Ta ló gbé gàrí mi síbẹ̀? Ẹ wò ó! Ẹ wo ohun tí ẹ gbé tì í!"

Àwòrán kan ló wà lójú fóònù náà, àpáta dúdú létí òkun. Bàtà funfun kan ṣoṣo wà lórí àpáta náà. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọkùnrin méjì dúró ti nǹkan gbọọrọ kan tí wọ́n da aṣọ bò. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán yìí gan-an ni obìnrin kan ti ń jẹ ẹ̀bà Adùn Ilé, tó ń rẹ́rìn-ín, tí wọ́n kọ ọ́ sábẹ̀ rẹ̀ pé kí wọ́n wá jẹun bí ẹni wà nílé.

"Ẹ má bínú, Alhaja," Christian wí. "Computer ló ń gbé e síbẹ̀, kì í ṣe àwa gan-an."

"Kọ̀ǹpútà ò lójú ni? Ìyá mi bo ọjà l'Ókè Àrin títí tó fi kú! Bí òkú bá ń bọ̀ báyìí, kò sí ṣọ́ọ̀bù wa tí ò ní fa aṣọ. Ẹ wá gbé ọjà mi lọ pàdé òkú létí òkun!" Ó yíjú sí Fàrídà. "Christian ò mọ̀, mi ò bá a wí. Ìwọ ńkọ́? Ìwọ ọmọ Àlímọ̀t! Ṣé bí wọ́n ṣe tọ́ ẹ nìyẹn?"

Ojú ti Fàrídà débi pé ó kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. Mo máa bò ó."

Ibi tí ọ̀rọ̀ ọmọ yìí ti ń bí mi nínú nìyẹn, ibẹ̀ náà ni àánú rẹ̀ sì ti ń ṣe mí. Nígbà tó rí bàtà funfun yẹn, àyà rẹ̀ já. Ó mọ̀ pé etí òkun Sípéènì ni, ó sì mọ ẹni tí òun ní lójú omi. Bí ó bá jẹ́ pé ó fara balẹ̀ ka ojúewé náà, ì bá ti mọ ẹni tó ń kọ ọ́ àti ìdí tó fi ń kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní èèyàn lójú omi kì í fẹ́ wo etí omi. Ó sọ lábẹ́lẹ̀ pé, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí i," ó sì pa á dé.

Ó wá jókòó ti iṣẹ́. Ó ní kí fóònù túmọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ ikú sí Sípáníìṣì fún òun, ó sì ń kó wọn sínú kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan: muerto, ẹni tó kú, ahogado, ẹni tó bómi lọ, cadáver, òkú. Ojúewé yòówù tí ọ̀kan nínú wọn bá ti wà, kí ọjà Alhaja má dé ibẹ̀. Ó kan cuerpo. Ara nìyẹn, ara alààyè, ara òkú, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.

"Èyí máa gbé púpọ̀ lọ o," Christian wí láti ẹ̀yìn rẹ̀. "Àtàwọn eléré ìdárayá, àtàwọn onípáńkẹ́ẹ̀kì ìkunjú."

"Ẹ jẹ́ ó gbé wọn lọ, sà. Gbogbo àtẹ la máa ń bò, a kì í ṣa ẹyọ kan."

Ó ku ohun kan. Bí èèyàn bá ti lé ojúewé kan kúrò, alárinà á bi í bóyá ó fẹ́ fi ojúewé náà sùn pé kò yẹ fún ìpolówó rárá. Ẹni tó bá fẹ́ lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Fàrídà tẹ "bẹ́ẹ̀ ni". Ó fẹ́ kí Alhaja mọ̀ pé ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ni òun. Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, àwọn onípolówó yòókù tí kò mọ Òkè Àrin, tí kò mọ Àbàrí, sá kúrò lórí búlọ́ọ̀gù ọ̀hún pátápátá. Alhaja fi páálí Adùn Ilé kan ránṣẹ́ sí i. Christian pè é ní sharp babe.

Ẹni tó ni búlọ́ọ̀gù náà kọ ímeèlì sí wọn. Nieves ni orúkọ rẹ̀, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ní erékùṣù kékeré kan tó jẹ́ ti Sípéènì láàárín òkun. Fóònù túmọ̀ rẹ̀ báyìí: "Owó tí mo ń rí lórí ìpolówó ni mo fi ń san owó ojúewé mi. N kò kọ ọ́ láti fi dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Àwọn tí òkun ń gbé jáde ni mo ń kọ nípa wọn, kí àwọn ará ilé wọn lè dá wọn mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí i fún mi."

Fàrídà kà á. Àánú ṣe é, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ó fi èsì tí wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ sí gbogbo èèyàn ránṣẹ́ sí i: ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé sí wa, oníbàárà wa kò fẹ́ kí ọjà òun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ kú iṣẹ́. Ó lọ jẹun ọ̀sán. Ọ̀rọ̀ náà sì lọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sán gangan ni fóònù dún nínú abọ́ irin.

"Muqtadir?"

Kì í ṣe Muqtadir. Ubaydullah ni, ọmọ Ìdúmọ̀tà tí òun àti Muqtadir jọ rìn. Ó kí ìyá, ó kí i púpọ̀ jù, ó ní nọ́ńbà Àǹtí Fàrídà lòun ń fẹ́. Àlímọ̀t fún un ní nọ́ńbà náà, ó sì gbé fóònù padà sínú abọ́. Ìyá kì í ṣe ọmọdé. Ó mọ̀ pé ẹni tó ní ìròyìn ayọ̀ lẹ́nu kì í wá ẹlòmíràn tí yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohùn tí Ubaydullah gbà sórí Wásáàpù bá Fàrídà lẹ́nu iṣẹ́.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì jẹ́ kí Màámi gbọ́ ọ. A pẹ́ létí òkun kó tó kàn wá, àwọn tó ń kó wa ti gba fóònù gbogbo wa. Ọjọ́ kan náà ni ọkọ̀ tiwa àti ti Muqtadir gbéra. Tiwa gúnlẹ̀. Látìgbà tí ìjọba Sípéènì ti fi wá sílẹ̀ la ti ń wá tiwọn. Wọ́n ní obìnrin òyìnbó kan wà tó máa ń kọ àwọn tí omi bá gbé jáde sórí búlọ́ọ̀gù, aṣọ ọrùn wọn àti nǹkan tó wà lápò wọn. Ibẹ̀ ni gbogbo wa ti ń wá èèyàn wa. Ìgbà témi máa fi rí fóònù rà, ibẹ̀ ti kú, kò ṣí mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ kọ̀ǹpútà, ẹ bá mi wò ó, Àǹtí. Ẹ bá mi wò ó."

Ó fi àdírẹ́sì ojúewé náà tẹ̀lé e. Fàrídà kò tíì tẹ̀ ẹ́ tó fi mọ̀ ọ́n. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ fi í sùn. Síbẹ̀ ó tẹ̀ ẹ́. Ojúewé funfun ló yọ, pẹ̀lú ìlà kan ní Sípáníìṣì tí fóònù túmọ̀ pé: ojúewé yìí kò sí mọ́.

Nígbà náà ló rántí fíìdì. Kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ kì í sọ ohunkóhun nù, ó máa ń kó ohun tó bá ti kọ̀ jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Fàrídà ṣí ibẹ̀. Cuerpo pọ̀ níbẹ̀ bí yanrìn: ara àwọn agbábọ́ọ̀lù, ara ìyàwó tuntun, ìpara tó ń mú ara dán. Ó ń lé wọn kọjá. Ó dé ti erékùṣù náà. Òkú obìnrin, aṣọ pupa. Òkú ọkùnrin, kò sí bàtà. Òkú ọmọdé. Ó fò ó, ó padà kà á. Lẹ́yìn rẹ̀ ló kan èyí tí ó ń wá:

"Òkú ọ̀dọ́mọkùnrin. Ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ eérú. Nínú àpò rẹ̀, ọṣẹ dúdú tí a fi ọ̀rá wé, tí a fi òwú aláwọ̀ ewé so, kókó méjì àti etí kan. Bí ẹnikẹ́ni bá"

Ìlà náà gé síbẹ̀. Àkọlé àti ìlà díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, ó tán.

Fàrídà káwọ́ lérí, ó ń mi ara rẹ̀ síwá sẹ́yìn. Christian sáré wá. "Fàrídà, what happened? Kí ló dé?"

"Ọṣẹ màámi ni, sà," ó wí. "Ọṣẹ màámi ni."

Ó kọ̀wé sí Nieves. Kò sọ ibi tó ti ń ṣiṣẹ́. Ó kàn ní òun ni ẹ̀gbọ́n ẹni tí ọṣẹ wà lápò rẹ̀, ibo ni ó wà? Èsì dé kí oòrùn tó wọ̀.

"Ọmọ mi, ó dùn mí dénú egungun. Bí mo bá ti kọ nípa ẹni tó jọ Mùsùlùmí, àwọn Mùsùlùmí tó wà ní erékùṣù kejì máa ń kà á. Wọ́n á wọkọ̀ ojú omi wá, wọ́n á wẹ̀ ẹ́, wọ́n á kírun sí i, wọ́n á sì sin ín sínú ilẹ̀ bí ẹ̀sìn wọn ṣe pa á láṣẹ. Mo kọ ti àbúrò rẹ. Kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi pa ojúewé mi, nítorí n kò rí owó rẹ̀ san mọ́. Kò sẹ́ni tó kà á, kò sẹ́ni tó wá. Ìjọba ìbílẹ̀ tì í sínú ihò ara ògiri ní ìtẹ́ òkú bí ó ṣe wà, pẹ̀lú aṣọ ọrùn rẹ̀. Nọ́ńbà ni wọ́n kọ sí i. Èmi nìkan ni mo sìn ín dé ibẹ̀. Mo bẹ àwọn onípolówó, wọn kò dá mi lóhùn dáadáa. Jọ̀ọ́, sọ fún mi, ta ló sọ nípa mi fún ọ?"

Fàrídà pa kọ̀ǹpútà náà. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ. Ọmọ ọlọ́ṣẹ kú, ọṣẹ wà lápò rẹ̀, kò sì rí ẹni wẹ̀ ẹ́.

Ó rìn lọ sílé láti Tinúbú, kò mọ bí òun ṣe débẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti kó ọjà wọlé, ó jókòó lórí ẹní pẹ̀lú Àáfà Jíbrílù. Bí Fàrídà ṣe wọlé, ìyá wo ojú rẹ̀, ó ní kó jókòó.

Fàrídà sọ ọ́. Ó sọ ti ọkọ̀ ojú omi, ó sọ ti ṣẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó dé orí ọṣẹ, Àlímọ̀t na ọwọ́ sínú apẹ̀rẹ̀, ó mú ọṣẹ kan, ó gbé e síwájú rẹ̀.

"Kókó mélòó?"

"Méjì, Màámi."

"Etí wà lókè?"

"Ó wà."

"Kò tú u?"

"Kò tú u."

"Kò dé ọ̀hún nìyẹn," Àlímọ̀t wí. "Mo ní kó wẹ̀ tó bá dé. Tó bá dé ni, ì bá ti tú u."

Àáfà Jíbrílù bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìnnáà lílláhì, omijé sì ń bọ́ sórí irùngbọ̀n rẹ̀. Ìyá kò tíì sunkún. Ọ̀rọ̀ ṣì kù lẹ́nu rẹ̀.

"Ta ló wẹ̀ ẹ́?"

Fàrídà wolẹ̀.

"Fàrídà, mo ní ta ló wẹ̀ ọmọ mi?"

Ó lè purọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa ì bá purọ́, Ọlọ́run ì bá sì darí jì wá. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ti kún jù, ó dojú bolẹ̀ lórí ẹní, ó sì sọ gbogbo rẹ̀: ti Alhaja, ti bàtà funfun, ti cuerpo, ti "bẹ́ẹ̀ ni" tó tẹ̀, ti obìnrin tó bẹ̀ wọ́n àti èsì tí òun fún un. "Èmi ni mo bò ó, Màámi. Àwọn Mùsùlùmí ibẹ̀ ì bá wá wẹ̀ ẹ́. Èmi ni mo bò ó tí wọn ò fi rí i."

Àáfà Jíbrílù ní, "Iṣẹ́ lo ń ṣe. Kádàrá ni. O ò mọ̀." Ó sọ ọ́ léraléra. Àlímọ̀t dìde, ó lọ gbé fóònù kúrò nínú abọ́ irin, ó pa á, ó sì da abọ́ náà dé. Lẹ́yìn náà ni ẹkún tó ti ń pọ̀ sí i nínú rẹ̀ láti ìgbà tí ọmọ náà ti lọ wá bọ́. Nígbà tí Fàrídà fẹ́ dì í mú, ó fi ìgbọ̀nwọ́ tì í kúrò, kì í ṣe pẹ̀lú agbára, bí èèyàn ṣe máa ń ti ẹni tí kò mọ̀ kúrò lára láàárín èrò.

Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, wọ́n kírun sí Muqtadir ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò. Lemọ́mù ṣàlàyé pé òkú kò sí níwájú, pé ó wà lókè òkun. Àwọn ọkùnrin tò, wọ́n kí i ní ìdúró, wọ́n sálámà, ó parí. Kò pẹ́ rárá. Alhaja Àmúdàtù wá, ó wọ funfun, ó sunkún tọkàntọkàn, ó sì kó àpò ìrẹsì wá fún fìdáù. Ó di Fàrídà mọ́ra. "Ọmọ dáadáa, ẹ kú àmúmọ́ra. Ọlọ́run á dá gbogbo èyí tó kù sí." Fàrídà ń ṣe àmín. Kò sí ohun mìíràn tó lè ṣe. Alhaja bo ọjà ni, bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Kò mọ ẹni tó ń kọjá.

Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ láti mọ́ṣáláṣí, Àlímọ̀t ń lọ níwájú, Fàrídà ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Láti alẹ́ tí Fàrídà ti jẹ́wọ́, ìyá kò tíì pe orúkọ rẹ̀. Àdúgbò ń lọ bí ó ṣe máa ń lọ. Ẹlẹ́ja ń kígbe ẹja. Ọmọge kan ń fi bàtà lọ oníbàárà. Wọ́n kí ìyá, wọ́n ní ẹ kú ìrọ́jú, wọ́n sì padà sídìí ọjà wọn. Kò sí ẹni tó ru nǹkankan kọjá, kò sí "Lá iláhà" láti ìkóríta, nítorí náà kò sí àtẹ kan tí wọ́n fa aṣọ bò. Fàrídà ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ṣí kalẹ̀ títí dé òpin àdúgbò, ó sì ń ṣe é bíi kó kígbe mọ́ wọn.

Wọ́n dé iwájú ilé. Ọmọ aládùúgbò kan ti bá wọn to ọṣẹ sórí àtẹ láti àárọ̀, ó rò pé òun ń ran ìyá lọ́wọ́. Àlímọ̀t dúró, ó wo àtẹ náà. Gbogbo etí aláwọ̀ ewé náà nà sókè. Ó tú ìborùn funfun tó fi kírun kúrò lórí, ó sì nà án sí Fàrídà láì wojú rẹ̀.

"Ìwọ tí o mọ ọjà bò," ó ní, "wá bò ó."

Fàrídà gbà á. Ó tẹ́ aṣọ náà sórí ọṣẹ láti igun dé igun, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní kékeré, ó sì padà sẹ́yìn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Ẹnìkan béèrè ọṣẹ, wọn kò dá a lóhùn. Wọ́n dúró, wọ́n dojú kọ ojú ọ̀nà. Ẹni tó bá bo ọjà, ìgbà tí òkú bá kọjá tán ló máa ń ṣí i. Kò sí òkú kankan tó ń bọ̀, àwọn méjèèjì kò sì mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n ṣí i.